Ọrun Tó Ti Ara Bẹ́ẹ̀dì Ìyáàgbà Jáde

Àsàbítì, 31 mai

Mo ti pa ọrun mi. Kò tíì kú tán, ṣùgbọ́n ó ti ń pọ̀kàkà ikú.

Kí n tètè kọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ kí irọ́ tó wọ̀ ọ́. Èmi àti Kadi ọ̀rẹ́ mi wà létí òkun lẹ́yìn ilé, mo ń ta ọfà sí àpò yanrìn. Àwọn ọmọ àdúgbò tó ń wò mí tó ẹgbẹ̀rún méjì. (Ó dáa, mẹ́fà ni wọ́n, ọ̀kan nínú wọn sì ń sùn lẹ́yìn ìyá rẹ̀.) Ni orí mi bá wú. Mo ní kò sí ẹni tó lè fa ọrun yìí ní gbogbo Gonzagueville àfi èmi Fadeelah. Kadi dìde. Kadi tó ti ń ru bàsíà ẹja fún ìyá rẹ̀ ní Port-Bouët láti kékeré, tí apá rẹ̀ tó itan mi. Ó gba ọrun lọ́wọ́ mi, ó fà á bí ẹni fa ewé àlùbọ́sà, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó sì jọ̀wọ́ ọsán, okùn ọrun, lójijì. Kò sí ọfà lórí ọsán.

Agbára tó yẹ kó bá ọfà lọ, inú igi ló padà sí. Mo gbọ́ ọ: kẹ̀ẹ́. Apá ìsàlẹ̀ ọrun ti là, ó gùn tó ìka àárín mi, èérún igi kan sì gbé orí sókè níbẹ̀ bí ìpẹ́ ẹja.

Kadi sunkún jù mí lọ. Mo ní kó dákẹ́, ẹnu mi ló fà á. Mo di ọrun sínú ìborùn, mo gbé e lọ sílé bí ẹni gbé òkú.

Àláàdì, 1 juin

Bàbá ò nà mí. Ì bá sàn kó nà mí. Ó tẹ́ ọrun sórí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tọ ibi tó là fún wákàtí mẹ́ta. (Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni. Ẹni tó dúró níbẹ̀ ló mọ̀ ọ́n.)

Bàbá yìí ló bí ìyá mi. Láti ìgbà tí Gonzagueville ti jẹ́ oko àgbọn ló ti ń ṣe káfíńtà níbí ní Abidjan. Ìgbòho ni wọ́n ti bí i, bàbá tirẹ̀ sì ṣọdẹ níbẹ̀, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ò gbẹ́ ọrun rí kí n tó fi ẹ̀bẹ̀ dà á láàmú. Ọlọ́wọ́ òsì ni mí. Ọrun márùn-ún ló wà ní kílọ́ọ̀bù ọfà ilé ìwé wa, ti ọlọ́wọ́ ọ̀tún sì ni gbogbo wọn. Ibi tí ọfà ń jókòó sí, òdìkejì mi ló wà. Bàbá wá igi dé ọjà Adjamé, kò rí èyí tó gbẹ tó. Ó padà sílé, ó wo bẹ́ẹ̀dì tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn fún Ìyáàgbà nígbà tí wọ́n ṣègbéyàwó, igi tó ti ń gbẹ láti ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta. Ó tú igi ẹ̀gbẹ́ kan kúrò lára rẹ̀. Láti oṣù kejì ni bẹ́ẹ̀dì Ìyáàgbà ti ń fi búlọ́ọ̀kù dúró lápá kan. Tó bá yíra padà lójú oorun, gbogbo ilé ló ń gbọ́.

Igi yẹn ni mo là.

Bàbá bi mí pé ta ló fà á láìfi ọfà sí i. Mo ní èmi ni. Irọ́ àkọ́kọ́ tí mo pa láyé tí kò gbé mi ga nìyẹn. Ó mi orí, ó ní, "Igi tí mo mọ̀ ni. Á gbọ́ tèmi."

Ìyáàgbà yọjú, ó wò ó, ó ní ọwọ́ òsì ló fà á. Ohunkóhun tó bá bàjẹ́ nínú ilé yìí, ọwọ́ òsì mi ló ń fà á. Nígbà tí fíríìjì kú lọ́dún tó kọjá, èmi náà ni.

Àtàláátà, 3 juin

Bàbá ní kí n gbé ọrun wá láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì Ìyáàgbà. Ibẹ̀ ni ọrun ń sùn, torí pé òrùlé ṣọ́ọ̀bù ń jò. Bàbá fi ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ la ẹnu ọgbẹ́ náà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń la ojú ọmọ tuntun, ó fi ìyẹ́ adìyẹ kó kọ́ọ̀lù tó fi ń lẹ àga sínú rẹ̀. A gé rọ́bà inú táyà sí tẹ́ẹ́rẹ́, a fi wé apá ọrun pinpin, ó wá dà bí ẹsẹ̀ ẹni tó já bọ́ láti orí gbáká, bọ́ọ̀sì kékeré.

Ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá ní. Kì í ṣe méjì. Ojú mi ló ń wò nígbà tó sọ ìyẹn.

Jímọ̀, 6 juin

Iléyá. Àgbò wọ́n débi pé àwọn èèyàn ń kí àgbò aládùúgbò bí ẹni ń kí àlejò láti Mẹ́kà. Nígbà tí a kírun tán, tí gbogbo ayé ń bẹ Ọlọ́run fún nǹkan ńlá, kọ́ọ̀lù ni èmi ń tọrọ.

Ìyáàgbà na ẹran sí mi. Mo fi òsì gbà á, ó gbá ọwọ́ náà, ẹran bọ́ sílẹ̀, ológbò gbé e lọ. Ẹsẹ̀ òsì ni ológbò yẹn fi gbé e. Mo rí i dáadáa.

Àsàbítì, 7 juin

Bàbá tú rọ́bà. Ó so ọsán, ó gbé ọrun kọ́ sórí ìṣó ara ògiri, ó fa ọsán wá sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ìwọ̀n ìka mẹ́rin péré.

Kẹ̀ẹ́.

Kọ́ọ̀lù náà yọ lódindi bí èépá ojú egbò. Bàbá ní òjò ni. Kò burú, òjò ni. Nínú oṣù kẹfà ní Abidjan, iyọ̀ inú ìgò pàápàá ń sunkún. Ó ní ká jẹ́ kí igi sinmi lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún ọ̀sẹ̀ kan kó gbẹ.

Àlàrùba, 11 juin

Madame Martine, olùkọ́ eré ìdárayá wa, tó dá kílọ́ọ̀bù sílẹ̀, pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìdíje jẹ́ ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, ó sì gbọ́dọ̀ fi orúkọ wa ránṣẹ́ kó tó di ọ̀sán ogúnjọ́. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá mo ní ọrun tàbí mi ò ní. Mo ní ọrun mi ń lọ sókè sódò, ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Ó wò mí bí àwọn olùkọ́ ṣe máa ń wo èèyàn. Ó ní kí n fi ọrun kílọ́ọ̀bù gbìyànjú, kí n fi ọwọ́ ọ̀tún fà á.

Mo gbìyànjú. Ọfà àkọ́kọ́ lọ sí Ghana. Ìkejì, mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, ewúrẹ́ náà kò kú ṣá.

Madame Martine ní, "Fadeelah, láìsí ọrun tìrẹ, wàá jókòó."

Èmi! Kí n jókòó!

Àtìní, 16 juin

Mo fo ọjọ́ púpọ̀. Òjò nìkan ló ń ṣẹlẹ̀. Omi wọ ilé àwọn Kadi dé orókùn, ó ní àkàn kan wá bá àwọn jẹun.

A tún lẹ ọrun ní ọjọ́ Jímọ̀. Kọ́ọ̀lù tuntun, tó dára ju ti àkọ́kọ́. Bàbá gbé iná èédú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí òtútù má bà á. Òwúrọ̀ yìí ló tú u. Kò tilẹ̀ dé orí ìṣó. Bó ṣe fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ báyìí ló ṣí.

Bàbá ò sọ pé òjò ni mọ́.

Àtàláátà, 17 juin

Èyí, mi ò fi nǹkan kan kún un.

Mo dé ṣọ́ọ̀bù láti ilé ìwé, mo bá Bàbá lórí àga, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ń yí wọn síwá sẹ́yìn bí ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Ó ní kí n jókòó. Ó ní láyé òun, òun ò lẹ igi kan rí kó ṣí. Àga, àpótí, ilẹ̀kùn mọ́sáláṣí. Báyìí igi ilé òun, igi tí òun fúnra òun gbẹ́, kọ̀ fún òun lẹ́ẹ̀mejì. "Ọwọ́ ti gbàgbé iṣẹ́," bó ṣe wí nìyẹn.

Nùrúdíìnì, káfíńtà ọ̀dọ́ tó wà ní ìkòríta, ti ń bẹ̀bẹ̀ láti ra tábìlì iṣẹ́ Bàbá láti ọjọ́ tó pẹ́. Bàbá ní òun ti ránṣẹ́ sí i pé kó wá wò ó ní ọjọ́ Jímọ̀.

Mo fẹ́ pa irọ́ kan tó máa pa á lẹ́rìn-ín. Mo wá a títí, mi ò rí ọ̀kan.

Tí Kadi ò bá fa ọrun yẹn, tí mi ò bá fọ́nnu, Bàbá ì bá wà níbẹ̀ tó ń fági, tó ń bú àwọn oníbàárà rẹ̀ bó ṣe máa ń bú wọn. Kì í ṣe ọrun nìkan ni mo là.

Àlàmísì, 19 juin

Mo ti mọ̀. Mo ti mọ̀! Mo gbọ́dọ̀ rọra kọ ọ́, nítorí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn wà ní yàrá kejì, ó ń ṣa ìrẹsì.

Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, mo padà sórí ẹní, mo dijú, mi ò sùn. Ìyáàgbà rò pé mo ti sùn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa ọrun mi jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ṣí agolo mílíìkì rẹ̀, èyí tí òrí wà nínú rẹ̀. Ó bu òrí, ó yọ́ ọ láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi pa ọrun láti orí dé ẹsẹ̀, bó ṣe ń pa mí lára nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Nígbà tó dé ibi tó là, ó fi orí ìka ti òrí náà wọ inú rẹ̀ dáadáa, bí ẹni ń tọ́jú gìgísẹ̀ tí ọyẹ́ là.

Ó ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bó ti ń pa á. Mo gbọ́ ọ. Ó ní, "Ọwọ́ tí O fún un nìyí, Ọlọ́run mi. Má jẹ̀ẹ́ kó tàsé."

Ìyáàgbà! Tó ń gbá ọwọ́ yẹn lójoojúmọ́!

Mo yí ojú sí ògiri. Eruku kan wọ̀ ọ́. Eruku tó pọ̀.

Jímọ̀, 20 juin

Mo sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù kí ilé ìwé tó ṣí, kí Nùrúdíìnì tó dé. Mo sọ fún Bàbá. Lákọ̀ọ́kọ́, kò gbà mí gbọ́. Ẹ̀bi mi ni. Tí mo bá ní òjò ń rọ̀, Bàbá á kọ́kọ́ yọ ọwọ́ síta.

"Òrí?"

"Òrí, Bàbá. Nínú ibi tó là gan-an."

"Òwúrọ̀ àná nìkan?"

Mo ní rárá, pé bó ṣe ń ṣe é, ó jọ ẹni tó ti mọ́ lára. Kò tilẹ̀ wo ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ń lọ.

Bàbá gbé ọrun sí imú, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó fi ẹnu ọ̀bẹ fá a díẹ̀, ó tún gbóòórùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló jókòó wọ̀ọ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀dì yẹn kì í pàwọ̀ dà. Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta, ó ń dán bí ọjọ́ tó kàn án. Ó ní gbogbo oníbàárà tó bá wọ ilé lòun ń mú lọ wò ó, tí òun ń sọ fún wọn pé, "Ẹ wo fáníìṣì mi, kì í ṣí." Bẹ́ẹ̀ sì rèé, òrí tí ìyàwó rẹ̀ fi ń pa á ni.

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú, omi ń jáde lójú rẹ̀, àwọn awakọ̀ tó ń lọ sí Bassam dúró wò wá. (Ọ̀kan dúró. Táyà rẹ̀ ló jò.) Àkókò yẹn gan-an ni Nùrúdíìnì dé pẹ̀lú okùn ìwọn-igi rẹ̀. Bàbá nu ojú, ó ní kó má bínú, ọwọ́ òun ò gbàgbé nǹkan kan, òróró ló wà lójú igi tí kọ́ọ̀lù ò fi mú. Tábìlì ò ní kúrò níbí.

Ká tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Bàbá gbé ìka sókè. "Ìyáàgbà rẹ ò gbọdọ̀ mọ̀. Tó bá gbọ́ pé òun ló ń ba iṣẹ́ jẹ́, kò ní fọwọ́ kan nǹkan kan nínú ilé yẹn mọ́." Mo ní kó fi irọ́ pípa sílẹ̀ fún mi, ẹ̀bùn mi ni.

Mo sì sọ fún un pé kì í ṣe èmi ni mo fa ọrun láìfi ọfà sí i, pé Kadi ni, ṣùgbọ́n èmi ni mo fọ́nnu sí i. Ó ní òun ti mọ̀. Ó ní apá mi kéré sí ìyẹn.

Kí aago méjìlá tó lù, orúkọ mi wà lọ́wọ́ Madame Martine. Ọrun ò sí, ṣùgbọ́n orúkọ wà.

Àsàbítì, 21 juin

Bàbá fá ojú ọgbẹ́ náà títí igi funfun fi yọ. Ó fi diluant, èyí tí àwọn akunlé fi ń fọ burọ́ọ̀ṣì, nù ún lẹ́ẹ̀mẹrin, ó sì fẹ́ ẹ. Ó wá lẹ̀ ẹ́. Kadi mú okùn àwọ̀n wá láti ọ̀dọ̀ àwọn apẹja, èyí tí ẹja ńlá ò lè já. Ó ní ìtánràn òun nìyẹn. Bàbá rẹ okùn náà sínú kọ́ọ̀lù, ó fi wé ojú ibẹ̀ ní fífún, okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn, ìbú ọwọ́ kan. Ó rẹwà débi pé ọrun tó dá ṣáṣá á jowú rẹ̀.

Ilé Kadi ni ọrun máa sùn, omi ti gbẹ níbẹ̀. Mo sọ fún Ìyáàgbà pé Madame Martine ti gba gbogbo ọrun sí ilé ìwé, pé ìjọba ló pàṣẹ. Ó ní ó dáa.

Agolo òrí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró láàárín yàrá, ó ń wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ òkèèrè. Inú mi ò gbà á. Mo ká apá aṣọ sókè, mo na apá ọ̀tún mi sí i, èyí tó ń di ọrun mú, tí ọsán máa ń nà ní gbogbo ìgbà tí mo bá ta ọfà. Àpá dúdú wà níbẹ̀ láti oṣù kẹrin. Mo ní, "Ìyáàgbà, ó ń dùn mí gan-an. Ẹ bá mi fi òrí sí i."

Ó jókòó, ó sì fi sí i. Ó ń bú ẹni tó ṣẹ̀dá ọfà títí ó fi parí.

Àtìní, 23 juin

Òrí lápá mi lójoojúmọ́ báyìí. Bàbá ní kí n má lọ wo ọrun. Mo lọ wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Àlàrùba, 25 juin

Orí ìṣó. Ìka mẹ́rin. Ìka mẹ́jọ. Bàbá ń fà, èmi àti Kadi di ara wa mú. Ó fà á dé òpin, ó dá a padà, ó tún fà á, ogún ìgbà. Kò sí kẹ̀ẹ́. Kò sí nǹkan kan.

Bàbá ní ó ti rọ̀ díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀, kí n máa na ọfà sókè díẹ̀. Ó ní, "Ó ti ṣàìsàn rí. Má fi ipá bá a sọ̀rọ̀."

Mo fẹnu ko okùn náà. Ó ń rùn bí ẹja.

Àsàbítì, 28 juin

Mo gba ipò kìíní! Nínú gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà!

Ó dáa. Ipò kẹrin, nínú àwa mọ́kàndínlógún. Ṣùgbọ́n gbogbo àwọn mẹ́ta tó ṣáájú mi ló ń lo ọrun tí ọkọ̀ òfuurufú gbé wá. Igi bẹ́ẹ̀dì ló wà lọ́wọ́ tèmi. Ọmọkùnrin kan bi mí pé kí ni okùn tó wà lára rẹ̀, mo ní oògùn ni, ó sì sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ọgbọ̀n ọfà. Bàbá dúró sẹ́yìn okùn tí wọ́n fi pààlà pápá, ó wọ agbádá Iléyá. Ìyáàgbà jókòó sórí àga tó gbé wá láti ilé, torí pé kò fọkàn tán àga tí ẹlòmíràn kàn. Nígbà tí mo fa ọfà kẹtàlélógún dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, mo gbọ́ ọ lẹ́yìn mi: kẹ̀ẹ́.

Mo rọra dá ọsán padà, mo wo apá ìsàlẹ̀ ọrun, mo fi ọwọ́ yí okùn ká. Kò sí ibi tó ṣí. Mo bojú wẹ̀yìn. Ìyáàgbà ló ń fi eyín pa obì.

Mo ta á. Àárín gbùngbùn. Madame Martine, tí kì í rẹ́rìn-ín, rẹ́rìn-ín sí ìwé ọwọ́ rẹ̀.

Bàbá na ọwọ́ méjèèjì nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó gba ọrun, ó tú ọsán kó lè sinmi, ó sì gbé e sí èjìká fúnra rẹ̀ títí a fi délé. Ó ń kí àwọn èèyàn tí kò mọ̀ lójú ọ̀nà, kí wọ́n lè rí i.

Àláàdì, 29 juin

Ìyáàgbà pè mí lẹ́yìn oúnjẹ pé kí n gbé apá wá. Ó ti di àṣà wa báyìí. Mo jókòó sílẹ̀, mo gbé apá ọ̀tún lé e lẹ́sẹ̀, ó ń fi òrí ra àpá náà.

Ó ní, "Ṣé igi mi ti wá gbẹ dáadáa?"

Mo ní igi wo.

"Igi bẹ́ẹ̀dì mi, tí ẹ lọ fi pamọ́ sílé Kadi kí òrí mi má baà kàn án."

Mo la ẹnu. Irọ́ mẹ́wàá dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń ti ara wọn, ìkankan ò lè kọjá. Mo bi í pé láti ìgbà wo. Ó ní láti ọjọ́ tí mo ti ní kó fi òrí sí mi lápá. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, mo ń sá fún òrí rẹ̀ bí ẹni sá fún abẹ́rẹ́. Àfi lọ́jọ́ yẹn tí mo fúnra mi na apá sí i. Ó ní, "Ìwọ àti bàbá rẹ, ẹ ò mọ irọ́ pa."

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí, kò sí ẹni tó tíì sọ ohun tó dùn mí tó báyìí rí.

Mo bi í bóyá kí n lọ sọ fún Bàbá pé ó ti mọ̀. Ó dá ọwọ́ dúró. Bàbá wà lẹ́nu ọ̀nà, oníbàárà kan sì wà pẹ̀lú rẹ̀, a ń gbọ́ ọ tó ń sọ pé kó wọlé wá wo bẹ́ẹ̀dì kan tí fáníìṣì rẹ̀ kì í ṣí láéláé.

Ìyáàgbà ní, "Má sọ nǹkan kan. Jẹ́ kó máa fi fáníìṣì rẹ̀ yangàn."

Ó bu òrí mìíràn nínú agolo, ó yọ́ ọ láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ó sì fi àgbọ̀n júwe ọwọ́ mi kejì tó wà lẹ́yìn mi.

"Gbé òsì náà wá."